Iṣẹ́ Tí Nọ́ọ̀sì Rán Mi sí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún méje ni mo ti gbé e mọ́ra. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ mi ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyá ọkọ mi wà lórí àìsàn, wọ́n sì tún ti rán mi níṣẹ́ kan tí n ò mọ bí mo ṣe máa jẹ́ ẹ.

Ní agboolé wa ní Ayédé, ìyàwó tó kẹ́yìn dé ló ń gún iyán alẹ́ fún gbogbo ilé. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gún un, tòun ti oyún, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé ni àbúrò ọkọ mi fẹ́ Bùnmi, tíṣà ni Bùnmi. Mo gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́, ara tù mí.

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ìyá ọkọ wa ní kí n mú un lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí, ó ní kì í ṣe ibà, wàhálà ojoojúmọ́ ló ti pọ̀ jù fún un. Ó ní, "Oorun tí kì í wá, orí fífọ́, àyà jíjá, kéèyàn máa bínú sọ́mọdé lórí ohun tí ò tó nǹkan. Ara ló ń ké yẹn." Ó ní kí ó máa sinmi lọ́sàn-án, kí wọ́n máa bá a pín iyán gígún, kí ó sì máa sọ fún èèyàn bí nǹkan bá ti sú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn kà, ara mi ló wà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tùn, ọmọ mẹ́rin wà lọ́rùn mi, gààrí ni mo ń yan láti àárọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń lo oògùn orí fífọ́. Èmi àti Bùnmi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni, nọ́ọ̀sì ò wo ojú mi. Ìgbà tó máa wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa bá a sọ fún ìyá ọkọ yín o." Ìyàwó tuntun kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò lè gúnyán. Ìyàwó tó ṣáájú ló ń bá a sọ ọ́.

Owú jẹ mí gidi. Ta ló sọ fún èmi pé kí n sinmi rí?

Nígbà tí a délé, mo sọ fún ìyá ọkọ wa pé wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mo wá bá Bùnmi ní yàrá. Mo ní, "Ìyàwó, mo ti bá ẹ sọ fún Màmá. Wọ́n ní ṣé oorun lo wá sùn nínú ulé ọkọ ni àbí uṣẹ́ lo wá ṣe?" Irọ́ funfun báláú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, n ò ní fi ìyẹn pa mọ́, inú mi dùn.

Kò ju oṣù kan lọ tó fi ṣubú sídìí odó, apá rẹ̀ ṣẹ́. Ìdó ni wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú. Láti ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti mú un lọ sí Adó, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́. Ó ti bí ọmọ méjì, Màmá ò tíì rí ìkankan nínú wọn. Àwọn ará ilé ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Èmi náà ń bá wọn sọ ọ́.

Mo máa ń rò ó pé ká ní mo la ẹnu mi lọ́jọ́ náà, kí n sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti rẹ èmi náà, bóyá owú yẹn ì bá má rí mi gbé ṣe. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè sọ irú ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ nínú ulé yìí. Lọ bá mi bẹ Bùnmi. N ò mọ ohun tí mo ṣe fún un, àmọ́ ohun yòówù kó jẹ́, kó foríjì mí. Kó jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ." Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń dúpẹ́ nígbà tí n ò tíì lọ rárá.

Sátidé ni mo máa lọ. Bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, Bùnmi lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí Màmá ò dá jì wọ́n, èmi á sì lọ báyẹn. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, n ò mọ ojú tí mo máa fi wo ọkọ mi àti gbogbo agboolé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ tí mo bá dé Adó? Ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn yín pẹ́. Màmá ò jẹun mọ́ láti àná.