Èmi Ni Mo So Ààlè Mọ́ Igi Irúgbá Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín tìtìjú-tìtìjú. Ẹ má bínú pé n kò sọ orúkọ mi. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn kan nínú yín á mọ̀ mí, nítorí ó wà lára ìwé kan tí wọ́n ń kà lórí rédíò lágbègbè wa láti bí oṣù méjì. Ìtàn adẹ́rùbani ni, irú èyí tí kò sí iwin, tí kò sí ẹbọra nínú rẹ̀, ọkàn ènìyàn ló ń lé ènìyàn kiri. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ń béèrè bí mo ṣe mọ ìbẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní Ọlọ́run ló fún mi.

Irọ́ ni. Lára ìyá mi ni mo ti kó o.

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ sínú. Ǹ bá sì gbé e kú, àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi títí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá gbọ́ tán, ẹ lè wá bú mi, mo ti gbà.

Ẹni tí mò ń pè ní ìyá mi, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi ni. Ìyá Ràmá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi ṣaláìsí, àwọn ni wọ́n gbé mi wá sí Ṣakí, irú ni wọ́n sì fi tọ́ mi. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ra irú tà o. Oko tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìgbòho, igi irúgbá méje ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí èso rẹ̀ bá gbó, a ó ká a, a ó bọ́ ọ, a ó sè é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó wá fi ewé bò ó nínú agbọ̀n. Òórùn yẹn ni òórùn ilé wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, n kì í dá wọn lóhùn, nítorí òórùn yẹn náà ló san owó ìwé mi.

Obìnrin kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Sàídì. Oko tiwọn ló bá tiwa pààlà. Ìkòkò kan náà ni àwọn àti ìyá mi fi ń se irú láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí ọ̀kan bá ń kóná, èkejì á máa pọnmi. Wọ́n á bú ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jà, wọ́n á sì jọ jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí mo ń lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, Ìyá Sàídì ni wọ́n ra àpótí tí mo kó aṣọ sí.

Mo di tíṣà ní Ìṣẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn kíkọ ló ń pa mí bí òùngbẹ. Mo kọ ìwé kan, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ́, mo sì gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé jáde ní Ìbàdàn. Ó kà á. Kò bú mi. Ó ní mo gbọ́ èdè, àmọ́ ìbẹ̀rù inú ìwé náà, ìbẹ̀rù ẹnu lásán ni. Ó ní gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú ìtàn mi kàn ń pariwo ṣáá ni. Ó ní kí n lọ wo ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe fún ẹni tí kò pariwo.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé e dé Ìṣẹ́yìn, mo gbé e sùn, mo gbé e jí.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi Àjíǹde, mo lọ sílé. Àsìkò tí wọ́n ń ká irúgbá ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá mi àti Ìyá Sàídì jọ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ní inú ń run mí. Bí wọ́n ṣe jáde ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Mo mú àkísà pupa kan, kùùkù àgbàdo kan àti ìkaraun ìgbín, mo so wọ́n pọ̀, mo sì so wọ́n kọ́ igi tó tóbi jù nínú igi méje náà, èyí tó sún mọ́ ààlà.

Ẹ̀yin ará oko ti mọ ohun tí mo ṣe. Fún ẹni tí kò mọ̀, olóhun ló ń so ààlè mọ́ ohun rẹ̀ kí olè má baà fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tí wọ́n so níbẹ̀ ni yóò dà: á gbó bí àkísà, á ṣófo bí ìkaraun. Nítorí náà, bí ènìyàn bá dé ìdí igi ara rẹ̀, tó bá ààlè tí kì í ṣe òun ló so ó níbẹ̀, ẹnì kan ló ń sọ fún un pé igi yìí kì í ṣe tìrẹ, olè sì ni ọ́. Kò sì ní mọ ẹni náà. N kò mọ ohun mìíràn tó lè dẹ́rù ba ìyá mi. Wọn kì í bẹ̀rù ejò, wọn kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá.

Èrò mi ni pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni. N ó wò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, n ó jẹ́wọ́, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ lé mi yí ilé ká, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sóko. Ìyá mi rí i. Wọn kò pariwo. Wọ́n dúró, wọ́n yí padà, wọ́n gbé agbọ̀n wọn tó ṣófo, a sì wálé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ti ká lára igi náà, irú rẹ̀ wà nínú ilé, a ti jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n bu omi, wọ́n fọ ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá na ọwọ́ náà sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó bóyá ó ti ń wú.

Mo wò ó, mo ní kò wú. Mo wọ yàrá lọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé wọ́n gbé òkúta lé ìdérí àmù omi. Mo kọ ọ́ pé bí àwọn ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín lóde, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa tẹ́tí bóyá àwọn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń kírun, wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n dé, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíkọ kò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ìwà ìkà. Lọ́jọ́ kẹrin, àfáà àdúgbò wa ṣàdúà fún wọn, ara wọn balẹ̀ díẹ̀, wọ́n jẹun yó. Mo wo ìwé mi, kò tíì kún dé ìdajì. Mo padà sóko, mo so ààlè kejì mọ́ igi mìíràn. Ti àkọ́kọ́, ẹ lè ní àìgbọ́n ni. Ti èkejì, kí ni ẹ ó pè é?

Ọjọ́ tí wọ́n rí èkejì ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú rẹ ni mo fẹ́ fi ríran báyìí. Ǹjẹ́ o rí ẹnì kankan tó gba ọ̀nà oko lọ lánàá?"

Mo ní, "Ìyá Sàídì nìkan ni mo rí."

Òótọ́ ni. Ìyá Sàídì lọ ṣẹ́gi, èmi ni mo tiẹ̀ bá wọn sọ igi náà kalẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ǹ bá fi gbólóhùn kan sí i, ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. N kò fi sí i. Mo fẹ́ rí ohun tí ojú ìyá mi yóò ṣe. Ọ̀rọ̀ sì rèé, ẹyin ni, bó bá balẹ̀ kò ṣe é kó mọ́. Ìyá mi ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ sílé Ìyá Sàídì.

Ìyá Sàídì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé èébú tí àwọn méjèèjì ti ń bú ara wọn láti ọjọ́ yìí náà ni. Ìgbà tí wọ́n rí ojú ìyá mi ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn á fi Kùránì búra níwájú àfáà, wọ́n sì búra lóòótọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ́ ló ń kánjú búra. Láàárín oṣù kan, kò sẹ́ni tó ń ra irú lọ́wọ́ Ìyá Sàídì mọ́, wọ́n ní ta ló mọ ohun tó fi sí i. Ìyá Sàídì kó ẹrù wọn, wọ́n lọ bá àbúrò wọn ní Kíṣí.

Mo wálé lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù dé gáréèjì. Kí mọ́tò tó gbéra, wọ́n ní kí n tọ́jú ìyá mi dáadáa, pé ohun kan ń dà wọ́n láàmú tí àwọn kò mọ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo juwọ́ sí mọ́tò náà títí ó fi lọ.

Mo tún ìwé mi kọ. Ọkùnrin Ìbàdàn yẹn kà á tán, ó ní òun kò lè jókòó síbi tí ẹ̀yìn òun kò ti kan ògiri mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú ìwé náà, obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi rárá, ọkùnrin kan tó ti kú ni mo ní ó so ààlè. Òkú kì í jiyàn.

Ìyá mi kò fọwọ́ kan igi méjèèje náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Màlúù àwọn Fúlàní ló ń jẹ èso rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rín ìta ṣì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn tó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ ogbó ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Sàídì pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti ń gbọ́ ìwé náà lórí rédíò. Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ sun. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san rere. Gbogbo Ṣakí ló pè mí ní ìkà. Ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́." Wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n lọ ka ìwé náà fún ìyá mi, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ àwọn mọ́, kí àwọn méjèèjì tún lè kí ara wọn kí ikú tó dé. Lọ́jọ́ kejì, ogún iṣu dé sí mi láti Kíṣí, wọ́n ní wọ́n fi dúpẹ́ ni. Iṣu náà wà lẹ́yìn ilé mi. N kò lè jẹ ẹ́, n kò lè fi tọrẹ.

Mo lọ sí Ṣakí. Mo pinnu pé n ó jẹ́wọ́. Ìgbà tí mo dé, ẹnu mi wúwo, mo ní kí n ti ara ìwé bẹ̀rẹ̀. Mo ka ibi tí obìnrin náà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn fún ìyá mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní ṣé Ìyá Sàídì ni mo kọ ìtàn rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ìyá, wọn kò so ó. Mo mọ̀ pé wọn kò so ó." Mo fẹ́ sọ ìyókù.

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, má sọ ọ́ mọ́. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé èmi ni mo lé ọ̀rẹ́ mi kúrò nílùú láìṣẹ̀. Agbára mi ò gbé ìyẹn mọ́ lọ́jọ́ orí yìí. Jẹ́ kó jẹ́ òun."

Mo pa ìwé náà dé. Mo padà sí Ìṣẹ́yìn bí olè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní èmi tí mo dá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n ru ú. Mo fẹ́ rù ú. Wallahi, mo fẹ́ rù ú. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, ẹrù náà kò ní jókòó sórí èmi nìkan, ìyá mi á bá mi pín in, àwọn tí kò ṣẹ̀ mí. Bí mo bá sì pa ẹnu mọ́, obìnrin tó ra àpótí fún mi á kú sí Kíṣí pẹ̀lú orúkọ ìkà. Ẹni tó bá ti bá irú èyí pàdé rí, kó sọ fún mi ohun tó ṣe. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé èpè ló ní fún mi, kó ṣẹ́ ẹ, n kò ní bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ìyá Sàídì ti ní àwọn ń bọ̀ ní Ṣakí lọ́jọ́ kẹta ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti dá wọ ilé ìyá mi. Wọ́n ní kí n dúró de àwọn ní gáréèjì, kí n di ọwọ́ àwọn mú wọlé.