Ohun tí Ìyá Kékeré Sọ

Fa àga yẹn súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi, kí o sì mú bírò rẹ. Àwọn dókítà ti ṣíwọ́ irọ́ tí wọ́n ń pa fún mi. Èmi náà fẹ́ ṣíwọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, bí n kò bá sì sọ ọ́ lónìí, yóò bá mi wọlẹ̀ ni. Ìwọ tí o jókòó sórí àga mi ní ọ́fíìsì báyìí ni mo fẹ́ kí o kọ ọ́. Má ṣe bá mi tún un ṣe.

O mọ ìwé tó wà lára ògiri yàrá ìpàdé, èyí tí àwa mẹ́rin tó ń tọ́jú ọmọ àti ẹbí jọ fọwọ́ sí: ọ́fíìsì wa, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, àti àwọn tó ń wá alágbàtọ́ fún ọmọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, tí mo fi rúlà fàlà sí i nídìí. Ọmọ ni kó ṣáájú. Ká má ya ọmọ ìyá, àfi bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó bi ọmọ léèrè, kó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí àwọn yòókù sì gbà á gbọ́, kí ọmọ má baà máa ṣí egbò rẹ̀ han èèyàn mẹ́rin. Òfin tó dára ni. Ibi tí a ti gbẹ́kẹ̀ lé ara wa yẹn gan-an ni mo gbà wọlé, bí olè tó mọ ibi tí onílé ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ọmọbìnrin méjì kan wà, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá wọn ti kú, a sì wá bàbá wọn títí, a ò rí i. Aránṣọ kan tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà ló gbà wọ́n sọ́dọ̀. Òun ló ń pe ẹ̀gbọ́n ní Ìyá Kékeré, tó ń pe àbúrò ní Ìrù, torí ibi tí ọ̀kan bá yà sí ni èkejì ń yà sí. "Ẹ wò wọ́n, Màmá," ló máa ń wí. "Bí Ìyá Kékeré bá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Ìrù á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa kọrin fún un." A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Tọkọtaya kan wá. Èèyàn gidi ni wọ́n, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, kékeré ni wọ́n sì fẹ́, wọ́n sì ń kó lọ sí ibi tó jìnnà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ti fọ́nnu nípàdé pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ìrù á ti nílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn ló pa mí.

Mo lọ bi Ìyá Kékeré léèrè bóyá ó gbà kí àbúrò rẹ̀ máa lọ. Abẹ́ tábìlì tí aránṣọ fi ń gé aṣọ ló jókòó sí, Ìrù sùn sí i láyà, ó di etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ó dá mi lóhùn. Mo gbọ́ ọ ketekete. Awakọ̀ wa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà gbọ́. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo gbé ìwé lé itan, mo kọ ohun tó wù mí síbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ọmọ wà: "Ó ti rẹ̀ mí. Kí wọ́n máa mú un lọ." Awakọ̀ yọjú wò ó.

"Màmá, ọmọ yẹn ò sọ báyìí o."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n gbà láti máa kọ̀wé ni? Wa ọkọ̀ rẹ."

"Mo ń wà á, mà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ o."

Nípàdé, olùkọ́ ọmọ náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá Kékeré? Ọmọ tó ń gé bisikí rẹ̀ sí méjì, tó ń fi ìdajì sápò gbé lọ sílé?" Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n pè é, kí àwọn gbọ́ látẹnu rẹ̀. Mo nàka sí ògiri. "Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti jọ fọwọ́ sí i. Ṣé a tún fẹ́ kí ọmọ máa ṣí egbò rẹ̀ kiri ni?" Olùkọ́ pa ìwé dé. "Ẹ má bínú, Màmá. A gbà yín gbọ́." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Mo sì dárí jì í, èmi aláìnítìjú.

Èyí kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú ọmọ, Ìrù kọ̀, kò wọ mọ́tò. Ó di etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, a ò lè já a. Ìyá Kékeré ò sunkún. Ó kàn ń wò mí ṣáá, bí ẹni tó ń retí pé màá rántí nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ fún Ìrù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kó o máa lọ. Ó ní o ti sú òun." Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ etí náà fúnra rẹ̀, ó sì rìn lọ sínú mọ́tò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e.

Ìyá Kékeré ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ọdọọdún ló ń wá sí ọ́fíìsì yín wá béèrè bóyá àbúrò òun kọ̀wé. Ìwọ náà lo sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, o rò pé ìròyìn lásán ni, pé ọ̀dọ́bìnrin kan wá ka fáìlì rẹ̀, ó dé ojú ìwé kan, ó pa á dé, ó ní, "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ fojú rí i ni." O ní o bi í bóyá ó fẹ́ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní rárá, kí ẹni tó ti rẹ̀ sinmi. O ní gbogbo ìgbà tó fi ń kà á, etí ara rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa. Ọmọ mi, o rò pé àìsàn ló jẹ́ kí n kọjú sí ògiri.

Mo ń bẹ àwọn méjèèjì. Bí wọn ò bá lè dárí jì mí, wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ yìí, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí orúkọ yín lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò sọ, ẹ ya ìwé náà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó gbà yín gbọ́.

Tó o bá kúrò níbí, wá Ìrù lọ. Mú awakọ̀ dání, ó ṣì wà láàyè, òun ni ẹlẹ́rìí mi. Kó o sì ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lábẹ́ tábìlì fún un. Kọ ọ́ báyìí, má fi nǹkan kan kún un: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má mú un lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kó wa pọ̀, mi ò kì í jẹun púpọ̀. Etí mi ló fi ń sùn."