Ilẹ̀dú Tí Mo Fún Tóyìn

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni àwọn dókítà fẹ́ la ikùn mi. Wọ́n ní iṣẹ́ kékeré ni, síbẹ̀ wọ́n gbé ìwé kan wá pé kí n fọwọ́ sí i, pé bí ó bá yọrí síbi tí kò dára, kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Mo ti fọwọ́ sí tiwọn. Èyí tí ẹ ń kà yìí ni tèmi. Èmi Azizatou, ìyá Ràyhánà, tí ẹ̀yin ará àgbàlá wa ní Niangon ń pè ní Màmá Tomate, mo fẹ́ sọ ẹni tó pa tòmátì Tóyìn, nítorí kì í ṣe ẹni tí gbogbo yín rò. Ràyhánà ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ti dá bírò dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbin nǹkan sínú àpò ìrẹsì àti garawa ọ̀dà ní àgbàlá yìí, nígbà tí ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé orí sìmẹ́ǹtì kì í hu ẹ̀fọ́. Ilẹ̀dú tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin ni mo lò ó láìpààrọ̀ rẹ̀. Bí mo bá kórè tán, màá tú àpò, màá yọ gbòǹgbò, màá bu ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ lé e, màá tún gbin tòmátì sí i. Mo máa ń fọ́nnu pé ilẹ̀ tó bá mọ̀ mí kì í já mi kulẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń bu ilẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti di àṣà àgbàlá wa.

Tóyìn aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé nígbà náà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Mo kọ́ ọ. Nígbà tó fi di ọdún kejì, tòmátì rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Obìnrin tó ń se oúnjẹ tà ní maquis tó wà ní igun títì, tó ti ń ra tòmátì lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́ta, á kí mi lẹ́nu ọ̀nà, á sì kọjá sí ọ̀dọ̀ Tóyìn. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Kò sí àárọ̀ tí kì í kúnlẹ̀ kí mi. Kí n má fepo bọyọ̀, ìlara ni.

Ọdún yẹn gan-an ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ní àárọ̀ wọ́n á dúró ṣánṣán, tó bá di ọ̀sán wọ́n á dorí kodò, ewé wọn á ṣì tutù, nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹrin wọ́n ti kú. Tóyìn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ń yọjú lójú fèrèsé, mo ń ka iye ìgbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò mi. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan mú, mo fa ọ̀kan tu, mo wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, lọ sí Abobo lọ́dọ̀ Yacouba, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń ta irúgbìn. Yacouba gé igi tòmátì náà, ó tì í bọ inú ife omi. Nǹkan funfun bí omi wàrà ń yọ jáde lójú ibi tó gé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.

Ó ní, "Tantie, terre-là est malade. Àìsàn inú ilẹ̀ ni. Ẹ ti gbin tòmátì lé tòmátì jù. Ẹ má gbin tòmátì sí i mọ́, ẹ má gbin ata, ẹ má gbin ìkàn. Àlùbọ́sà tàbí tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ gbìn sí i. Ẹ má sì bù ú fún ẹnikẹ́ni o."

Mo gbọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ní àwíjàre, èmi kò ní.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Tóyìn bímọ, ó ní òun fẹ́ fi àpò mẹ́fà kún tòun. Mo ní kó fi ti ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo kó ilẹ̀dú aláìsàn yẹn, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo ṣa gbogbo gbòǹgbò tó lè tú àṣírí mi, mo po ìgbẹ́ adìẹ tuntun àti eérú mọ́ ọn títí ó fi dúdú tó ń dán. Mo gbé e fún un lọ́jọ́ ìkómọ níṣojú gbogbo yín, ẹ sì pàtẹ́wọ́. Tóyìn kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tòun tọmọ lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni ìyá mi nílùú yìí." Èmi àgbààyà fà á dìde. Ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú gbogbo àpò rẹ̀ àtijọ́ kí ó lè kárí. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tòmátì, ata, ìkàn, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Àgbàlá dàrú. Ganiatou ń fi aṣọ bo garawa rẹ̀, àwọn mìíràn ń gbé tiwọn wọ yàrá. Ẹni tó bá da omi nù, ojú mẹ́wàá ló ń wò ó. Ẹ̀ ń pa á lówe pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé laṣeni ń gbé, èmi náà sì ń mi orí pẹ̀lú yín. Ganiatou ló kọ́kọ́ sọ pé ṣé ẹ kò rí Màmá Zénabou tó máa ń da nǹkan sí ìdí àpò Tóyìn bí Tóyìn bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni, omi tó fi fọ ẹja ni. Kò ní ọmọ nítòsí, ó fẹ́ràn Tóyìn, ó sì mọ̀ pé omi ẹja ń mú nǹkan ọ̀gbìn sanra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tóyìn pe gbogbo wa jọ. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé àìsàn ni, àbí ẹnìkan ló ń ṣe mí?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá parí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ife omi wá. Mo gé igi tòmátì, mo tì í bọ inú omi bí Yacouba ti ṣe, òwú funfun náà sì ń yọ. Mo gbé ife sókè kí ojú gbogbo yín lè tó o. Mo ní, "Ẹ wò ó. Ohun tí wọ́n ń dà sí i ló ń jáde yìí." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn wo Màmá Zénabou, ojú gbogbo yín sì bá tèmi lọ.

Obìnrin yẹn ló ń pọ̀n mí nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Treichville. Ó ní, "Azi, omi ẹja ni. Ìwọ náà máa ń ní kí n da díẹ̀ sí tìẹ. Sọ fún wọn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n sọ?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Abobo. Kò sí ẹni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Yacouba gbé àpò kan wá fún mi láti ọwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ inú garawa àlùbọ́sà rẹ̀ ni, tí kò gbin tòmátì sí rí. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé, "Azi, bá mi fún Tóyìn kó fi tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá, kò ní gbà á. Sọ pé tìẹ ni." Láti ọjọ́ náà ni àpò yẹn ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, ilẹ̀ tó ti gbó kì í ṣe ohun ìdànù. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ máa yí ohun tí ẹ ń gbìn sí i padà, bó bá sì ń ṣàìsàn, ẹ sọ ọ́ síta. Àìsọ tèmi ló lé aláìṣẹ̀ kúrò nílé. Tóyìn, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, ṣùgbọ́n má fi tèmi ṣíwájú. Wọ gbaka lọ sí Abobo kí ọjọ́ Ajé tó pé, kúnlẹ̀ fún Màmá Zénabou, kí o mú un padà wálé. Lẹ́yìn náà, wá gbé àpò rẹ.

Ràyhánà tún ti dá bírò dúró. Ó ní, "Màmá, èmi ni mo gbé ife yẹn wá fún yín." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i, kó sì kọ ọ́ pé òun kò mọ nǹkan kan.