Ihò Mẹ́fà Lára Káàdì Kọkànlélógójì

Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀ lọ. Dókítà ti sọ fún mi, ó sì fi sùúrù sọ ọ́, pé ọkàn mi ti rẹ̀ kọjá ohun tí òògùn lè tún ṣe. Mi ò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àwọn ọmọ mi, kì í sì í ṣe ilé mi. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì, pé ojú tó ń kú lọ ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tó pọ̀n lẹ́yìn nígbà tí mi ò tíì lè rìn, tó sì kọ́ níṣẹ́ nígbà tí mo dàgbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe tún un ṣe kó lè dùn létí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun súwẹ́tà la ti jọ ṣiṣẹ́. Yàrá gígùn kan ni, ẹ̀rọ mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, fèrèsé rẹ̀ sì ga débi pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn ń rí. Fọ́nrán òwú máa ń fò káàkiri inú rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, orí gbogbo wa á ti funfun bí orí arúgbó. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni yàrá kékeré tiwa wà, yàrá bátànì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ibẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ bí ohun tí mo ṣe ti burú tó. Ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ kò mọ ẹyẹ, kò mọ òdòdó. Káàdì ló ń sọ fún un. Káàdì líle ni, ó gùn tó láti ìgúnpá èèyàn dé ọwọ́. A ó fi okùn so wọ́n mọ́ra, wọ́n á sì máa yí lórí ẹ̀rọ bíi ṣéènì kẹ̀kẹ́. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà kan tirẹ̀ lára aṣọ. Àwọn irin tín-ín-rín kan wà tí wọ́n tò bí eyín òòyà, tí wọ́n ń tẹ káàdì náà. Irin tó bá pàdé ihò á wọlé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á mú òwú búlúù. Èyí tí kò bá rí ihò á pa dà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ á mú funfun. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ihò bá ṣì, aṣọ á ṣì, ẹ̀rọ ò sì ní bi ọ́ léèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń lu ihò náà. Wọ́n á gbé bátànì wá fún un lórí ìwé alálà kéékèèké, á jókòó ti irin ìluhò rẹ̀, kì í sì í ṣì í. Ó ní àṣà kan. Bó bá ti lu káàdì kan tán, á di ojú, á fi ìka tọ ihò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ètè rẹ̀ á máa mì bí ẹni tó ń ka ìwé. Ọ̀gá wa, obìnrin gíga kan tí kì í gbé rúlà sílẹ̀, tí àwa sì ń pè ní Ọ̀gá Rúlà lẹ́yìn rẹ̀, máa ń mú àlejò wá sẹ́nu ọ̀nà wa, á ní kí wọ́n wo ọwọ́ yẹn dáadáa, pé ọwọ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ òun. Èmi náà á wà níbẹ̀, káàdì kún apá mi, wọn ò sì ní wo ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó pè mí sẹ́yìn ilé iṣẹ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, níbi tí wọ́n ń kó páálí òwú tó ti ṣófo sí. Ó ní àárín ojú òun dà bíi gíláàsì tí ẹnì kan fi ìka ọlọ́ràá tẹ̀, àti pé wọ́n ti sọ fún òun pé kò ní pa dà bọ̀ sípò. Ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ìyàwó mi pàápàá rò pé jígí ojú lásán ni mo nílò. Máa ka bátànì sí mi létí, èmi á máa lù ú. Bí aṣọ bá sì ti jáde, bá mi wò ó. Ìka mi ò lè mọ búlúù yàtọ̀ sí funfun.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ojú mi ti di ojú rẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn síbẹ̀, pé lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì burú.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ́ ojú fún un. Ohun tó wọ inú mi kéré nígbà tó kọ́kọ́ wọlé. Mo bi ara mi léèrè pé bó bá jẹ́ èmi ni mò ń ka bátànì, tó jẹ́ èmi náà ni mò ń wo aṣọ, iṣẹ́ ta gan-an ni mò ń ṣe? Mo lọ bá Ọ̀gá Rúlà pé kó fún mi ní tábìlì tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà níbẹ̀, kí la fẹ́ fi ọwọ́ kejì ṣe? Mo bá a rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ sinmi, pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ìlara ni mò ń pè ní àánú, torí pé mi ò láyà láti pe orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wá dé láti ilé ìwé àwọn ọmọdé: súwẹ́tà búlúù, ẹyẹlé funfun láyà rẹ̀. Ọgọ́ta káàdì ni. Nítorí pé ihò ló ń mú búlúù wá, ibi tí ẹyẹ bá wà lára káàdì, kò gbọdọ̀ sí ihò kankan níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ gbogbo ọgọ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ó pé, kí n so ó pọ̀ kí n gbé e fún ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ kẹta, ẹni tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń rìn. Ẹ̀gbọ́n mi wá wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ sílé. Mo jókòó. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Mo yọ káàdì kọkànlélógójì, ibi tí ọrùn ẹyẹlé náà ti tín-ín-rín jù, tí kò fẹ̀ ju abẹ́rẹ́ mẹ́fà lọ. Mo gbé e sábẹ́ irin. Nígbà tí mo lu ihò kìíní, ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ṣì lè fi bébà lẹ̀ ẹ́ pa. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Mo lu ìkejì. Nígbà tí mo fi máa dé ìkẹfà, ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ gbé aṣọ tó kọ́kọ́ jáde wá sí yàrá wa, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé iṣẹ́. Ẹyẹlé náà dára, àfi ìlà búlúù kan tó gba ọrùn rẹ̀ kọjá, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú kí Jẹ́jẹ́ lè rò pé ó ń wò ó, ó wá yí orí sí mi díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní, “Ó dáa, bọ̀ọ̀dá.” Ó ní kí Jẹ́jẹ́ máa hun ún lọ. Lásìkò oúnjẹ, Jẹ́jẹ́ bá mi nídìí omi mímu, ó ní ọrùn ẹyẹ yẹn ò tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ní ẹni tó máa ń sùn nídìí ẹ̀rọ, tí mi ò sì tíì sọ fún ọ̀gá, á dáa kó gbájú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó sì lọ. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́ títí tó fi fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀gá Rúlà rin ìrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó máa fi dé, a ti hun ọ̀ọ́dúnrún. Ó mú ọ̀kan lórí òkìtì, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Kò sáré wọ yàrá wa. Ó na aṣọ náà síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó sọ ohun tó rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹyẹlé lòun rí. Ọ̀gá bi í pé ọrùn rẹ̀ ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka wá a lára aṣọ náà. Ọ̀gá wá gbé rúlà síwájú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kan, ó ní kó ka nọ́ńbà náà. Mo dúró nítòsí débi pé mo rí i: mẹ́tàdínlógún ni. Mi ò lanu. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mi ò rí i, ọ̀gá. Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò ti ríran dáadáa.” Ọ̀gá bi í pé ta ló wá ń bá a yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èmi nìkan ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti àbúrò mi kún un.” Omi lé sójú Ọ̀gá Rúlà, ṣùgbọ́n ó ní kó kó ẹrù rẹ̀, pé òun ò lè fi iṣẹ́ gbogbo wa sábẹ́ ojú tí kò ríran. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀.

Ẹni tó ń kà á lè rò pé ibẹ̀ ló burú sí jù. Rárá o. Lọ́sẹ̀ kejì, mo lọ kí i nílé. Ó jókòó sí ìdí fèrèsé pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná. Ó ní ohun kan ò yé òun: ìka òun tọ gbogbo káàdì yẹn, kò sì rí àṣìṣe kankan. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun mú káàdì ọrùn ẹyẹlé náà wá, kí òun lè fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo láǹfààní láti sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo láǹfààní láti sọ pé wọ́n ti sun ún. Mo tiẹ̀ lè lu òmíràn tó péye fún un. Káàdì yẹn gan-an ni mo mú lọ lọ́jọ́ kejì. Ó gbé e lé orúnkún, ó di ojú, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó dé àárín, ó dúró. Ó pa dà, ó tún un kà. Ó ní, “Ọwọ́ mi ni, àṣé. Ọwọ́ mi náà ti lọ.” Mo sì la ẹnu mi yìí, mo ní, “Ó máa ń ṣẹlẹ̀, bọ̀ọ̀dá.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò gba ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ojú ti lọ, ìyẹn ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wá di ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tán, tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun wò ó bóyá ó tì. Kò jẹ́ dé bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ rẹ̀, ó ní òun lè dé e ṣì. Wọ́n wá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ afọ́jú láti fi ìka kàwé, ó ṣe ọjọ́ kan péré, ó ní kí wọ́n mú òun wálé, pé ìka òun ń purọ́ fún òun. Èmi ni mo jókòó tì í nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ, mo ń wo ìta. Ogún ọdún ni mo fi lu káàdì nílé iṣẹ́ náà, wọ́n yìn mí, mo sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìwé ìdúpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lọ́hùn-ún, mo lọ bá a. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí ló ń gbé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pamọ́, láti ihò kìíní dé ìkẹfà. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó jáde síta. Ẹ̀gbọ́n mi ò bi mí nípa tábìlì, kò bi mí nípa ìdí tí mo fi ṣe é. Ó ní, “Káàdì kọkànlélógójì yẹn, kí n tó gbé e fún ọ, ihò yẹn ò sí níbẹ̀?”

Mo ní, “Kò sí níbẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Bó ṣe yẹ kó rí lẹ ṣe é.”

“Tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan, ó ṣí wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde, kí n máa lọ sílé, pé òun fẹ́ dá wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá ka èyí, bí ẹnì kan bá fi àìlera rẹ̀ hàn yín pé kí ẹ bá òun ṣọ́ ọ, ẹ má gbà á bí ẹ bá mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni náà ń wù yín. Ẹ sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn. Ìtìjú ọjọ́ kan nìyẹn. Èmi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ, lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ tí mo fi ẹ̀bi kékeré dí lẹ́nu, àti lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí bàbá rẹ̀ ò jẹ́ bá a dé bọ́tìnnì. Mo fẹ́ fi kún un pé ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì mí. Ọmọ rẹ̀ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Anti, wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí.