Èmi Ni Mo Ní Kò Sí Edé Nínú Ọbẹ̀ Náà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ ara mi ránṣẹ́ sí ìta rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ wá mú ìyá kan kúrò ní Ìbàdàn nítorí irọ́ tí mo pa. Ìyá náà fúnra wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, àyà mi ò sì gbé e mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé jù, ẹ fara dà á fún mi.

Nígbà tí mo parí yunifásítì tí mo sì sin ìlú tán, mo wáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Níkẹyìn ni mo rí iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà. Ọ̀gá wa, obìnrin ọmọ Òkè-Àdó, ti gbé ní ìlú ńlá kan létí òkun rí, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń dáná lójú títì kan náà. Nígbà tí wọ́n padà wálé, wọ́n ní ojú títì yẹn làwọn fẹ́ gbé wá sí Bódìjà. Ará Ìlàjẹ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Ọmọ Ùróbò kan tó ń jẹ́ Ẹ́fẹ ló ń se ọbẹ̀ ẹyìn. Mama Arit ló ń se afang àti àwọn ọbẹ̀ ewé yòókù. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà.

Gbogbo ayé ló ń pe Mama ní Mama Kàlàbá, kò sì dùn mọ́ wọn nínú rárá. Wọ́n á ní, “Oron ni mo ti wá. Kàlàbá wà ní òdìkejì omi. Tí mo bá pe ìwọ ní ará Ìjẹ̀bú, ṣé wàá dáhùn?” A óò rẹ́rìn-ín títí. Kọ́pà ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí mo débẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí wọn ò ní bu oúnjẹ fún mi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní mi ò jẹ, wọ́n á ní, “Kọ́pà, jókòó. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbé oúnjẹ rìn dáadáa.”

Ẹ̀yin náà á rí i pé kì í ṣe ọ̀tá ni mo ṣe nǹkan yìí sí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde, ilé oúnjẹ sì kún fọ́fọ́. Bàbá kan wọlé pẹ̀lú ìyàwó wọn àti ọmọ wọn ọkùnrin. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Wọ́n ní afang ló wu àwọn. Nígbà tí mo gbé e dé iwájú wọn, wọ́n fọwọ́ kan apá mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí edé nínú èyí? Edé kì í bá mi lára mu rárá o.”

Ó yẹ kí n padà lọ bi Mama. Ìrìn kékeré ni. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti béèrè nǹkan kan nípa ọbẹ̀ ẹyìn, Ẹ́fẹ sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní, “Ẹ wo ọmọ yunifásítì tí kò mọ ọbẹ̀ tó ń gbé kiri!” Ojú ṣì ń tì mí. Mi ò fẹ́ tún lọ béèrè nǹkan míì. Mo wo inú àwo Bàbá. Mo rí ẹran, mo rí pọ̀nmọ́, mo rí ewé. Nílé tiwa, edé tó bá wà nínú ọbẹ̀, èèyàn á rí orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. Mi ò rí ìkankan. Mo ní, “Rárá sà, kò sí edé níbẹ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Mama máa ń lọ edé kúnná bí ẹ̀lùbọ́ ni. Mo ti rí wọn rí tí wọ́n ń dà á sínú ìkòkò. Títí di òní mò ń bi ara mi bóyá mo gbàgbé ni, àbí mi ò fẹ́ rántí.

Bàbá ò tíì jẹun dé ìdajì tí ètè wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú wọn wú. Wọ́n ń mí fín-ín-fín-ín. Ìyàwó wọn ń pariwo Jésù. Wọ́n sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé wọn ò kú. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Ọmọ Bàbá padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ó sì ń gbọ̀n fún ìbínú. Ó ní, “Ta ló sọ fún bàbá mi pé kò sí edé? Àgọ́ ọlọ́pàá lẹni náà máa sùn lónìí!”

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. “Ṣé o bi Mama kó o tó sọ bẹ́ẹ̀?”

Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó ronú. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kò sí.”

Wọ́n pe Mama jáde. Mama ní, “Èmi? Kọ́pà, ìgbà wo lo bi mí?”

Mo lè fi irọ́ náà mọ níbẹ̀. Mo tún fi nǹkan kún un. Mo ní, “Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta ń ṣiṣẹ́ ni, mà. Ẹ ò wẹ̀yìn, ẹ kàn dá mi lóhùn.”

Mo ti múra sílẹ̀ pé Mama á bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n wojú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó gbé sílẹ̀ tí kò rántí ibi tó gbé e sí. Wọ́n ní, “Bóyá ó bi mí. Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo. Kọ́pà kì í parọ́.”

Gbogbo èèyàn gbà pé Mama ló jẹ̀bi, torí pé Mama fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa bẹ ọmọ Bàbá títí ó fi gbà pé òun ò ní pe ọlọ́pàá, bí wọ́n bá ṣáà ti lé ẹni tó se ọbẹ̀ náà lọ. Mama tú épúrọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń dáná, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé orí àga, wọ́n lọ.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá wa fi mí ṣe alábòójútó. Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn pé mo máa ń béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní Ṣakí ti sọ fún gbogbo ìjọ wọn pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ní Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ kan, mo rí Mama lẹ́bàá gáréèjì Challenge, níbi tí wọ́n ti ń din dùndú tà. Kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀ rárá. Wọ́n fi iyọ̀ sí iṣu, wọ́n dúró, wọ́n wá bi obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, “Ṣé mo ti fi iyọ̀ sí i?” Ó ní wọ́n ti fi sí i. Wọ́n tún bi í.

Wọ́n rí mi, inú wọn dùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Kọ́pà, mo fẹ́ẹ̀ kó ẹ sí wàhálà lọ́jọ́ yẹn. Má bínú sí mi.”

Èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Ó ti tán, mà. Mo ti dárí jì yín.”

Ibí yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn. Mo lè sọ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló mú mi pa irọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ọlọ́pàá ní Challenge lọ́jọ́ yẹn. Dùndú nìkan ló wà níbẹ̀, àti Mama.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Arit, ọmọ Mama tó ń gbé ní Oron, pè mí. Ìbàdàn níbí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ó ní Mama ò gba ara wọn gbọ́ mọ́. Wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á padà lọ wò ó. Wọn ò dáná fún ara wọn mọ́, wọ́n ní àwọn lè pa èèyàn. Wọ́n ní láti ọjọ́ edé yẹn làwọn ti mọ̀ pé ọpọlọ àwọn ti ń lọ. Arit fẹ́ wá kó wọn lọ sílé ní Sátidé. Ó wá ní, “Àǹtí Kọ́pà, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni Mama dá yín lóhùn, tí wọ́n wá gbàgbé?”

Mo ní, “Hẹ́lò? Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ yín dáadáa.” Mo pa fóònù.

Lánàá, mo lọ sí Challenge láti lọ jẹ́wọ́. Òdìkejì títì ni mo dúró sí. Mama rí mi, wọ́n juwọ́, wọ́n sì kígbe láàárín ariwo àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ pé, “Kọ́pà, wá jẹun!” Mo wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dúró, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé rẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì lè ti ìyá mi ní Ṣakí. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní parọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé Mama á bi mí lẹ́yìn tí mo bá sọ tán: “Kọ́pà, nígbà tí mo dì ẹ́ lọ́wọ́ mú tí mo ń bẹ̀ ẹ́, kí ló dé tó o fi jẹ́ kí n máa bẹ̀ ẹ́?”

Kí ni kí n sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí Sátidé tó dé.