Wọ́n Ń Dúró De Ìran Lẹ́nu Mi

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọba tó jí mi! Halelúyà! Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni mo sùn sí tí mi ò mọ ibi tí mo wà.

Ẹ̀yin ará, Ìyá Títí ni gbogbo yín mọ̀ mí sí. Láti ìgbà tí bàbá Títí ti kú, tí Títí sì wà ní Ìbàdàn, èmi nìkan ni mo wà nílé wa ní Odòde. Bí mo bá ti oko kòkó dé láti Aládé, ògiri ni mò ń kí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mò ń kí i lóòótọ́. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má sọ pé ìgbàgbọ́ mi kò tó.

Nígbà tí wòlíì kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mo gbà á, mo sì ń lo oògùn mi láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Alhaja tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi rí mi tí mò ń gbé oògùn mì. Ó ní kí ni mo jẹ. Mo ní ààwẹ̀ ni. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í fi dandan mú aláìsàn gbààwẹ̀. Mo bínú, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì wá.

Àárín orin ni òógùn bò mí. Mò ń sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni, mo sì ṣubú. Ẹ ní ẹ̀mí ti gbé Ìyá Títí. Ẹ fi aṣọ funfun bò mí, akọ̀wé mú bírò, ẹ ń dúró de ìran. Mi ò rí áńgẹ́lì kankan. Òkùnkùn ni, èmi nìkan ló sì wà níbẹ̀.

Ọkàn Alhaja kò balẹ̀, ló bá wá wò mí níbí. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kàn mí, ó ní òógùn yìí tutù jù. Òun ló ní kí ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù.

Wọ́n ní dókítà pè mí, mi ò dáhùn. Ó tẹ èékánná mi, mo kàn fa ọwọ́ díẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Ó béèrè oògùn tí mò ń lò, ẹ ń wo ara yín. Alhaja tó bá yín wá nìkan ló lè sọ pé òun rí mi tí mò ń gbé oògùn mì láìjẹun. Wọ́n gún mi níka, oògùn tí mo lò láìjẹun ti mú kí ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ mi.

Dókítà ní, “Ọpọlọ wọn kò rí oúnjẹ ni. Bí ẹ bá pẹ́ sí i, wọ́n lè jí kí wọ́n má mọ yín mọ́.”

Bí wọ́n ti ń fa omi ṣúgà sí mi lára, ó béèrè orúkọ mi. Ẹ ní Ìyá Títí.

“Ti ọmọ nìyẹn. Kí ni orúkọ tiwọn?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Inú báàgì mi ni nọ́ọ̀sì ti rí kádì mi. Dókítà pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, mo sì lajú. Mo rò pé ọkọ mi ló dé. Mo sunkún nígbà tí mo rí i pé kì í ṣe òun.

Baba, mo dúpẹ́. Alhaja, mo dúpẹ́. Àràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn mi báyìí. Ìwọ tó ń dá àìsàn gbé nínú yàrá, sọ fún ẹnìkan, Ọlọ́run á gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Bí mo bá tún ṣubú níbí, ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ gbé mi. Ẹ sì pe orúkọ mi, ẹ má wò ó pé mo dàgbà jù yín lọ. Mórẹ́nikẹ́ ni mò ń jẹ́.