Dígí Pupa Tó Mú Ọ̀run Ṣú

"Ta nínú yín ló rí òjò láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

Sulueti, ìyàwó ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀, ló béèrè, nínú kóòtù, níwájú adájọ́ àti gbogbo ará ìlú wa, Levuka. Àwọn kan wo ilẹ̀, àwọn kan wo àwòrán ńlá tí wọ́n so mọ́ ògiri. Èmi tí mo ya àwòrán náà wo bàtà mi. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti gbé ìdáhùn rẹ̀ mì, tó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lónìí n ó bì í, bó tilẹ̀ máa bá ẹ̀jẹ̀ jáde.

Isimeli lorúkọ mi. Nígbà tí mo ti yunifásítì ní Suva dé, kámẹ́rà tí mo mú bọ̀ wù mí ju ìwé ẹ̀rí mi lọ. Àwòrán dúdú-òun-funfun nìkan ni mo ń yà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀sín: "Ṣé àwọ̀ ti wọ́n lọ́jà ni?" Wọn ò mọ̀ pé àwòrán aláwọ̀ ti rojọ́ tán kí o tó wò ó, ti dúdú-òun-funfun á sọ ìdajì, á ní kí o lọ wá èyí tó kù. Èmi tí mo fẹ́ràn àlọ́ ju oúnjẹ lọ, kí ni mo tún ń wá? Mo ní dígí pupa kan tí mo máa ń so mọ́ ojú kámẹ́rà. Dígí yẹn kì í jẹ́ kí àwọ̀ ojú ọ̀run wọlé. Bí ọ̀run mọ́ gaara, nínú àwòrán á ṣú bí ẹni pé ìjì fẹ́ já. Ẹ̀rù tó máa ń wà níbẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi. Òmùgọ̀ ni mí! Mo ń fi ẹ̀rù ṣeré, n kò mọ̀ pé ẹ̀rù mọ ọ̀nà ilé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Apenisa, ọkọ Sulueti, dúró lórí èbúté pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Senikau, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó fẹ́ kó èrò lọ sí erékùṣù Koro. "Ọ̀jọ̀gbọ́n!" ó pè mí. "Yà mí kí n sanra o! Ìyàwó mi ní mo ti gbẹ bí ẹja yíyan." Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo so dígí pupa mọ́ kámẹ́rà, mo yà á. Ọ̀run mọ́ bí omi inú àwo. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn òjijì tí ẹnikẹ́ni kò retí dé. Ènìyàn mọ́kànlá ni òkun gbé. Apenisa yè é. Ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú ìlú.

Oníròyìn kan rí àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó pariwo: "Háà! Ó rí ọ̀run báyìí, ó tún kó èèyàn jáde?" Ẹnu mi ló yẹ kó là. Àmọ́ ó ní orúkọ mi á wà lábẹ́ àwòrán náà, lójú ewé àkọ́kọ́. Mo dákẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi mú Apenisa.

Èyí tó burú jù ló kù. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kí n tẹ èyí tó tóbi fún kóòtù. "Jẹ́ kó hàn dáadáa o, àbúrò." Mo ti ara mi mọ́ inú yàrá òkùnkùn, mo tan gílóòbù pupa. Mo lè tẹ ọ̀run náà kó mọ́ díẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bó bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìròyìn, wọn á bi mí nídìí rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo Apenisa, mo jẹ́ kí iná máa jó ọ̀run nìkan, torí ibi tí iná bá pẹ́ sí lára bébà ló ń dúdú jù, mo ka ogún, mo ka ọgbọ̀n. Nígbà tí mo ri bébà náà sínú omi oògùn, ọ̀run ló kọ́kọ́ yọ, dúdú kirikiri. Lẹ́yìn náà ni ojú ọkùnrin náà yọ lábẹ́ omi, tó ń wò mí. Mo fẹ́ sá jáde, àmọ́ mo dúró títí ó fi yọ tán.

Adájọ́ bi mí bóyá mo fọwọ́ kan àwòrán náà. Mo di Bíbélì mú. "Rárá, Olúwa mi. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe yà á."

"Ọ̀run mọ́ o!" ni Apenisa ké. "Ojú mi yìí ni mo fi rí i!"

Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn: "Bàbá, àwòrán kì í mutí o." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí Apenisa súnmọ́ àwòrán náà. Ó wò ó títí. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Sulu, àbí ojú mi ló ń ṣe mí?" Ìgbà yẹn ni Sulueti dìde, tó bi gbogbo wa ní ìbéèrè rẹ̀. Mo gba ojú ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn! Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n; ọdún kejì ló kú síbẹ̀. Wọ́n ní títí dé òpin ló ń bi àwọn wọ́dà bóyá ọ̀run mọ́ tàbí ó ṣú.

Mo sọ dígí náà sókun, mo sun fíìmù náà. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀run bá mọ́ gan-an ni àyà mi ń já jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò lè fara dà á mọ́. Mo gbé tabua, eyín àbùùbùtán tí a fi ń tọrọ àforíjì, mo lọ sílé Sulueti, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní bulubulu ni mo wá ṣe, kí a sin ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń ṣe.

Kò fọwọ́ kan eyín náà. "Sísin lo wá sin ín?" ó ní. "Wọ́n ti sin ọkọ mi, Isimeli. Híhú ni èmi fẹ́ hú u. Dìde, ká lọ bá adájọ́."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní mo tún dé pẹ̀lú irọ́ mìíràn. Dígí ti lọ, fíìmù ti jóná."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́: ẹni tó bá sun ẹ̀rí irọ́ rẹ̀, òtítọ́ rẹ̀ ló sun mọ́ ọn.

Sulueti yọ àwòrán inú ìwé ìròyìn náà lára ògiri. Kò ní òmíràn tí ojú ọkọ rẹ̀ wà. Ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. "Fìka hàn mí. Níbo ni irọ́ yẹn wà?"

Mo fìka lé ọ̀run. Ìka mi yọ̀ wálẹ̀, ó kọjá orí Apenisa, ó kọjá àyà rẹ̀, ó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò ní kóòtù. Ibẹ̀ ni òjìji rẹ̀ nà gbọọrọ sí lórí pákó èbúté, tó dúdú, tí etí rẹ̀ mú bí ohun tí a fi abẹ gé, bí òjìji ṣe máa ń rí nígbà tí oòrùn bá ń ràn.